Orúnkún Òṣómàáló

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi lóṣòó
lẹ́nu ilẹ̀kùn onígbèsè,
ní Ìkìrun, ní Ọ̀fà, ní Ẹ̀rìn-Ilé,
ẹrù dámáàsìkì léjìká, ìwé gbèsè nínú àpò,
kùtù hàì, kí baálé tó bọ́jú.
Mi ò bú wọn. Mi ò gbá ẹnikẹ́ni létí.
Mo kàn lóṣòó ni, mo ń wò wọ́n
bí ológbò ṣe ń wo ihò eku.
Ìtìjú á mú wọn, wọn á lọ yáwó ládùúgbò.

Nísinsìnyí, nílé mi ní Ìfọ́fín,
ẹnì kan ló lóṣòó dè mí.
Orúnkún ọ̀tún ló fi ṣe ẹnu ọ̀nà.
Aago mẹ́rin òru, ó ti jí:
"Bàbá Ṣíjúadé, owó mi dà?"

Mo kọ́kọ́ fún un ní nǹkan díẹ̀ kó máa lọ:
òrí tí Ọlátóun yọ́ lórí iná, tó fi ń ra á
títí ẹní wa fi ń yọ̀.
Ó gbà á. Ó dákẹ́ di ìrọ̀lẹ́.
Lẹ́yìn náà, róòbù. Lẹ́yìn náà, omi gbígbóná
nínú ìgò tí a fi àkísà wé.
Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sín gbẹ́rẹ́, mo sín in,
méje lójúgun, méje lẹ́yìn orúnkún.
Ó rẹ́rìn-ín.
Ó ní èyí ò tó èlé.

Lámídì oníkẹ́míìsì ní Òkèṣà ló wá di alágbàwí mi.
Ó ń di oògùn sínú bébà, funfun kan, pupa méjì,
kò kọ orúkọ kankan sára rẹ̀:
"Baba, ẹ sáà máa gbé e mì."
Oṣù mẹ́ta, mo ń rìn bí ọmọ ogún ọdún,
mo gun òkè Ìmọ̀ láìsinmi,
mo ń fi àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń tiro ṣe yẹ̀yẹ́.
Àṣé gbèsè ni mo fi ń san gbèsè.
Ikùn mi ni mo ti lọ yá a.
Lálẹ́ Jímọ́ọ̀ kan, ìgbẹ́ mi dúdú bí ọ̀dà,
ilẹ̀ ń yí. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé mi dé Wẹ́sílì,
Ṣíjúadé lẹ́yìn mi, ó dì mí mú bí ìdì aṣọ.

Dókítà tú bébà Lámídì sórí tábìlì.
Ó mi orí. Kò bá mi jà.
"Baba, kèrékèré tó ti jẹ tán kì í hù padà.
Ẹ ò lè san gbèsè yìí tán.
Ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀, kó má gbalé mọ́ yín lọ́wọ́."
Iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Ó dá iye kan.
Mo rántí ilẹ̀ kan ṣoṣo tó kù mí kù,
mo dákẹ́.

Ní báyìí, gbogbo Ìṣẹ́gun, ọ̀dọ̀ Bọ́sẹ̀dé ni mò ń lọ,
ọmọdébìnrin tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bíi ti ọ̀mọlé.
Ó so àpò iyanrìn kékeré mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi:
"Ẹ gbé e sókè. Ẹ dá a dúró. Ẹ ka mẹ́wàá."
Mo máa ń fo ẹ̀rin. Ó mọ̀. A tún bẹ̀rẹ̀.
Ó fún mi ní ọ̀pá. Ó di ọjọ́ kẹta kí n tó mú un jáde,
nítorí ojú àwọn ará Ìfọ́fín.
Panadó méjì péré, lọ́jọ́ tó bá le.
Ó ní n kò gbọdọ̀ lóṣòó mọ́ láé.
Èmi!
Ó ní kí wọ́n gbé àga sórí ṣáláńgá fún mi.

Ìyá arúgbó kan wà ní Ẹ̀rìn-Ilé nígbà ayé ṣílè.
Ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó wọlé, ó gbé àpótí jáde.
"Ìjẹ̀ṣà, ẹsẹ̀ á máa ro ọ́. Jókòó.
N kò ní sá. Ṣílè méjì rèé, ó ku mẹ́sàn-án."
Ọdún kan ààbọ̀ ló fi san án.
Nígbà tó yá, mo ń bá a jẹ iṣu.

Aago mẹ́rin òru. Ó ti jí.
Mi ò bẹ̀ ẹ́, mi ò sì bú u.
Mo na ẹsẹ̀ lórí ìrọ̀rí, mo gbé e sókè, mo ń kà:
ení, èjì, ẹ̀ta,
mo ka ẹ̀rin pẹ̀lú.
Jókòó, mo wí fún un. N kò ní sá.
Ti òní rèé.